Pátákó Kẹwàá Tí O Kò Kùn Tán

Ọdún márùn-ún rèé, Búrọ́ọ̀ṣì! Ọdún márùn-ún gbáko lónìí tí o lọ mọ́ wa lójú lábẹ́ pátákó ìlú onílùú, tí ọ̀dà funfun kò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ.

Ìyàwó rẹ ló máa ń kọ ìrántí yìí lọ́dọọdún. Ìlà mẹ́fà ni, fọ́tò rẹ lókè, orúkọ àwọn ọmọ nísàlẹ̀, ó parí. Lọ́dún yìí ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe, ó ní èmi ni kí n kọ ọ́ lórúkọ gbogbo ilé. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ẹnu." Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí abẹ́rẹ́ maṣíìnì. Ohun tó fà á nìyẹn tí tọdún yìí fi máa gùn ju ìlà mẹ́fà lọ.

Èmi Abẹ ni mo ń sọ̀rọ̀. Ìwọ lo sọ mí lórúkọ yẹn, o ní ẹnu mi máa ń gé nǹkan kó tó kàn án rárá.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ilé, torí mo mọ̀ pé òun lo máa kọ́kọ́ béèrè.

Òkè ilé tí o fi sílẹ̀ ní bíríkì lásán ti parí! Wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti fi fèrèsé sí i, wọ́n sì ti kó lọ sókè. Àwọ̀ ewé tí o kórìíra ni ìyàwó rẹ fi kun ògiri àtẹ̀gùn látòkè délẹ̀. Ó ní bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kí o dìde wá kùn ún padà. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀rín tán, òun nìkan ló jókòó sórí àtẹ̀gùn tí kò lè dìde.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ ò kú! Ọ̀sẹ̀ kan péré la fi tì í. Àkọ́bí rẹ obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí o lọ, òun ló ń kọ pátákó níbẹ̀ báyìí. Má bínú, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ọ: ó mọ̀ ọ́n kọ jù ọ́ lọ. Lẹ́tà tìrẹ máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Tirẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó ti kọ ti ilé ìwé méjì, ó ti kọ ti ilé oògùn mẹ́rin, ó sì kọ ti ilé ìfowópamọ́ kan tí wọ́n kọ́kọ́ ní ọkùnrin làwọn ń wá. Mo bá a lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sọ ọ́. Wọn ò tún un sọ.

Àbúrò rẹ̀, tí o máa ń gbé kọ́ ọrùn, ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kò rántí ohùn rẹ mọ́, Búrọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń bi wá pé ṣé lóòótọ́ ni orí bàbá òun máa ń kan ẹnu ọ̀nà. A ní ó máa ń kàn án. A fi ìlà sí ara férémù ilẹ̀kùn fún un níbi tí orí rẹ dé. Ó máa ń dúró lábẹ́ rẹ̀, á na ọwọ́ sókè, á na ìka. Kò tíì tó o.

Ìròyìn ilé nìyẹn. Ó kù tèmi.

Ṣé o rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Agolo ọ̀dà méjìlá lo ní kí wọ́n kó wá fún ọ láti ìlú ńlá. Ọlọ́kọ̀ ẹrù kó o, kò dé. Ọjọ́ kẹta la tó gbọ́ pé ìlú mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú tiwa ló kó o lọ. A bú ọlọ́kọ̀ ẹrù yẹn títí! A ní òmùgọ̀ ni. Ìwọ, èmi àti Tíṣà, ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ni nílé ìwé, wọ ọkọ̀ búlúù Tíṣà, èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí láti inú, a lọ kó o.

Onígbàjámọ̀ kan ló gba ọ̀dà náà. Ó ti fi agolo méjì kun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀! Ó ní orúkọ ìlú òun ló wà lára ẹrù, àti pé kò sí ìlú mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Dípò kí o bínú, o jókòó, o ní kó gẹ irun rẹ. Ó gẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, èmi àti ẹ̀ wọ̀yá ìjà lórí ìlú tó kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ náà, ló bá ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó ní òun ò gẹ ìyókù mọ́. Ìdajì orí lo gbé wálé! Ìyàwó rẹ rí ọ lẹ́nu géètì, ó wọlé padà, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ yẹn ni Tíṣà tẹ́ máàpù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó fi bírò pupa yí ìlú mọ́kànlá ká, gbogbo wọn ń jẹ́ bí tiwa ṣe ń jẹ́. Orúkọ kúkurú ni, ó rọrùn lẹ́nu. Ibikíbi tí odò bá ti gba ẹsẹ̀ òkè kọjá, ẹnìkan á ti sọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ní ọdọọdún la ó máa lọ sí ọ̀kan. Àwọn tó gbọ́ ní orí wa ò pé. A ní ó pé, mọ́tò nìkan ni kò pé.

Olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Tíṣà ló ń wakọ̀, ẹni tó máa ń tan iná ìyàpa kó tó yà, ì báà má sí èèyàn kankan lójú títì. Òun ló ní ìwé àkọsílẹ̀, kò sì ní kọ orúkọ ìlú kan sínú rẹ̀ àfi tí èèyàn mẹ́ta níbẹ̀ bá fi ẹnu ara wọn pè é fún un. Ìwọ máa ń de àkàbà mọ́ orí ọkọ̀, o máa ń gbé agolo kékeré kan dání, ibi tí a bá dé, o máa wá lẹ́tà kan tó ti ṣí lára pátákó ìlú náà, o máa kùn ún. Ẹyọ kan péré. O ní tí o bá kun gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ ni. Tí o bá kun ẹyọ kan, o kàn kí wọn ni. Iṣẹ́ tèmi ni ẹnu. Èmi ni mo ń béèrè ọ̀nà, èmi ni mo ń bá ẹni tó bá ní kí la ń ṣe nídìí pátákó àwọn wí tirẹ̀.

Ìlú kejì, ilé mẹ́fà péré, méjì kò ní òrùlé. Ìyá arúgbó kan níbẹ̀ ní àlejò kankan ò yà síbẹ̀ rí látìgbà tí òun ti dáyé, ó ní ká dúró, ó lọ pààrọ̀ aṣọ kó tó jẹ́ kí a ya fọ́tò. Ìlú karùn-ún, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, eruku ti sọ gbogbo nǹkan di funfun, títí kan irun ojú àwọn ènìyàn. O wo ọ̀tún, o wo òsì, o ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n ti kùn ún." Ìlú keje, akọ̀wé ọ́fíìsì ìlú mú ìwé ńlá jáde pé ká fọwọ́ sí i, ó ní tàwọn ni ojúlówó, ayédèrú ni gbogbo yín. Mo ní tìẹ ni ayédèrú! Ìwọ lo fi báàgì mi fà mí jáde níbẹ̀.

Àwọn kan ní kí ni obìnrin ń wá láàrin ọkùnrin méjì lójú ọ̀nà. Ìyàwó rẹ ló dá wọn lóhùn lójú fẹ́ǹsì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bá wọn lọ. Ẹnu rẹ̀ ni yóò máa gba ọkọ mi lọ́wọ́ ewu."

Ẹnu mi, Búrọ́ọ̀ṣì!

Ìlú kẹwàá. Ọ̀sán ni. Pátákó náà dúró lẹ́bàá afárá onírin, lójú ọ̀nà tó lọ síbi ìfọ́kúta mìíràn, kò sí ilé nítòsí, odò ń lọ nísàlẹ̀ láìpariwo. Tíṣà ṣì ń wo ojú ọ̀nà bóyá yóò rí èèyàn kan bi. O ti gun àkàbà, o ti kun lẹ́tà tó gbẹ̀yìn dé ìdajì. O dáwọ́ dúró. O ní, "Abẹ, àyà mi." Mo rò pé eré rẹ ni. Mo ní kí o yára kùn ún tán, ebi ń pa èèyàn.

Ohun tí mo sọ fún ọ kẹ́yìn nìyẹn tí o gbọ́ dáadáa. Kí o yára.

O fúnra rẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan. O jókòó sídìí àkàbà. Òógùn bò ọ́, ètè rẹ funfun ju ọ̀dà lọ. Tíṣà gbé orí rẹ lé itan. Fóònù tèmi ti kú, mo fa tìrẹ yọ nínú àpò rẹ, mo pe áńbúláǹsì. Obìnrin kan gbé e, ó ní níbo. Mo ké orúkọ ìlú. Mo ní lábẹ́ pátákó, lẹ́nu àbáwọ ìlú, ọkùnrin kan ń kú lọ, ẹ sáré! Mo sì pa fóònù.

Ohun tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ. Orúkọ ìlú nìkan. Èmi! Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án rìn káàkiri ibi mẹ́sàn-án tó ń jẹ́ orúkọ yẹn! Èmi tí mo máa ń fi ọlọ́kọ̀ ẹrù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọọdún! Bí ẹnì kan bá wà lórí ilẹ̀ ayé tó yẹ kó mọ̀ pé orúkọ yẹn nìkan kò tó, èmi ni. Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ.

Fóònù dún. Tíṣà ní, "Gbé e." Mo ní oníbàárà rẹ ni, kó máa dún. Máàpù ni mo fi ń fẹ́ ọ lójú. Ó tún dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Tíṣà ní ká gbé ọ sínú ọkọ̀ ká máa lọ. Mo ní rárá! Mo ní wọ́n ti ń bọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ohun èlò wà nínú ọkọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mì ọ́. Mo pariwo mọ́ ọn. Tíṣà kì í bá mi jiyàn. Ta ló ń bá mi jiyàn?

Ìlú tiwa yìí gan-an ni wọ́n lọ. Nínú gbogbo ìlú tó ń jẹ́ orúkọ náà, tiwa ló tóbi jù. Wọ́n dúró lábẹ́ pátákó tí ìwọ fi ọwọ́ ara rẹ kọ, wọ́n ń wá ọ. Awakọ̀ wọn bọ́ sílẹ̀, ó bi ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà pé ta ló ṣubú. Ìyẹn ní kò sẹ́ni tó ṣubú. Ó wo inú kòtò. Ó wo ẹ̀yìn pátákó. Ìgbà tí mo tún pè wọ́n láti bú wọn ni obìnrin yẹn tó ráyè bi mí pé èwo nínú wọn.

Lẹ́yìn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. O ti lọ. Ọwọ́ rẹ wà lọ́wọ́ Tíṣà, ọ̀dà funfun ti gbẹ mọ́ àwọn méjèèjì lára.

Dókítà ní bóyá. Bí wọ́n bá ti tètè dé, bóyá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ń gbé inú mi láti ọjọ́ náà bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde.

Kí wá ni mo ṣe? Mo pariwo! Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe? Ojú ewé mẹ́rin ni mo fi kọ ìwé ẹ̀sùn. Mo lọ bá wọn lọ́fíìsì, mo pe awakọ̀ yẹn ní afọ́jú, ní ọ̀lẹ, ní apànìyàn, lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kúkurú ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló sọ. Ó ní, "Màdáámù, a pè yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta la pè yín." Mo fi ohùn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Láàrin oṣù kan, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yọ̀. Gbọ́ mi o, Búrọ́ọ̀ṣì, mo yọ̀!

Mo gbé ìwé ẹ̀sùn yẹn wá fún ìyàwó rẹ kó fọwọ́ sí i, kó tó di pé mo fi ránṣẹ́. Ó kà á tán, ó ká a padà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ò fọwọ́ sí i. Mo pè é ní ojo lójú àwọn ọmọ rẹ. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ ò dùn ún.

Tíṣà náà ò sọ nǹkan kan. Ó ta ọkọ̀ búlúù yẹn. Ó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà lọ sí ilé ìwé kó má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Tí a bá ṣe kòńgẹ́, á kí mi bí ẹni tó ń kí òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́: ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ó dàbọ̀. Èmi tí òun máa ń pè ní Abẹ òun! Ó di "ẹ káàárọ̀".

Ọdún kìíní, mo pariwo. Ọdún kejì, mo pariwo. Ọdún kẹta, àwọn èèyàn ti ń yẹra tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ áńbúláǹsì. Maṣíìnì ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀. Mo ń tú wọn, mo ń tò wọ́n, àwọn tí kò tilẹ̀ bàjẹ́. Ta ni mo ń bẹ̀rù láyé yìí? Mo ti bá ọlọ́pàá fà á. Mo ti lé onílé jáde nínú ilé ara rẹ̀. Fóònù rẹ tí ojú rẹ̀ ti là, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyàwó rẹ, òun nìkan ni mo ń bẹ̀rù. Mo máa ń gbàdúrà kó bàjẹ́. Mo máa ń gbàdúrà kí àbíkẹ́yìn rẹ jù ú sómi.

Ó wá di oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ pè mí wá sókè, ó gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ti fi iná sí i, ó ti kún. Ó ní, "Fọ́tò ọkọ mi wà níbẹ̀, ẹ yan èyí tí a máa lò." Kò kúrò níbẹ̀. Ó fara ti ògiri àwọ̀ ewé yẹn, ó ká ọwọ́ jọ.

N kò ṣí fọ́tò. Ìka mi lọ síbi tó mọ̀ ọ́n lọ. Ó wà níbẹ̀: ìpè tèmi, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́ta tí wọn ò gbé, pupa, pupa, pupa.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Èmi ni. Orúkọ ìlú nìkan ni mo sọ. Mo gbọ́ fóònù tó ń dún. Èmi náà ni mo ní ká má gbé e." Ìgbà àkọ́kọ́ rèé ní ọdún márùn-ún tí mo sọ̀rọ̀ tí n kò pariwo.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ọjọ́ kẹta tí a sin ín ni mo ti rí i."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa bá mi jà. Ẹ sì máa borí. Mo ń dúró kí ó ti ẹnu yín jáde."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò tíì sọ pé òun dárí jì mí o, kí n má ṣi òun gbọ́. Ó ní kí n lọ bá awakọ̀ yẹn ná. Ó ní lẹ́yìn náà, kí n kọ ìrántí ọdún yìí bó ṣe rí gan-an, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ tèkínní gbọ́ tèkejì.

Mo rí i ní ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì kan, ó ń fọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń pín búrẹ́dì kiri. Irùngbọ̀n yẹn ti funfun tán. Ó dá mi mọ̀ kí n tó lanu. Ó pa omi. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì kúnlẹ̀ nínú omi ọṣẹ yẹn, èmi tí n kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò ní kí n dìde. Ó ní, "Mo wo inú kòtò lọ́jọ́ yẹn. Mo wo ẹ̀yìn pátákó. Ó ṣì máa ń ṣe mí bíi pé mi ò wò ó dáadáa."

Ọdún márùn-ún! Ọkùnrin yẹn ti ń wá ọ nínú kòtò fún ọdún márùn-ún!

Ó bi mí pé ojú ewé mélòó ni ìwé ẹ̀sùn yẹn. Mo ní mẹ́rin. Ó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ kọ tèkejì sójú ewé kan o." Mo kọ mẹ́rin. Mo fi lé ọ̀gá ọ́fíìsì áńbúláǹsì lọ́wọ́, mo ní kó kà á síta lójú gbogbo òṣìṣẹ́ níbi tí mo ti bú awakọ̀ yẹn. Ó ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Mo jókòó. Mo ní n kò ní nǹkan míì tí mo fẹ́ ṣe lónìí. Ó kà á síta. Wọ́n ní kí awakọ̀ padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ó ti tó, ojú òun kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí ni n kò rí nǹkan kan ṣe sí.

Mo kan ilẹ̀kùn Tíṣà. Ó ṣí i, ó wò mí, ó ní, "O ti sọ ọ́?" Mo ní mo ti sọ ọ́. Ó wọlé, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ jáde. Ọjọ́ àti oṣù nìkan ló wà lójú ewé kẹwàá. Lẹ́yìn náà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó sunkún fún ọ bí ọmọdé, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a lọ sí ìlú kẹwàá. Tíṣà yá ọkọ̀. Ìyàwó rẹ jókòó níwájú, èmi àti àwọn ọmọbìnrin rẹ méjèèjì wà lẹ́yìn, àkàbà rẹ wà lórí ọkọ̀. Mo ti bẹ awakọ̀ yẹn kó bá wa lọ. Ó ní òun ti débẹ̀ rí.

Lẹ́tà yẹn ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Apá òsì funfun díẹ̀, apá ọ̀tún ti dípẹtà pátápátá. A rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ ti dúró, a rí ibi tí ọwọ́ rẹ ti gbọ̀n. Àkọ́bí rẹ gun àkàbà, ó fẹ́ kùn ún tán. Ìyá rẹ̀ ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó wà lókè yẹn fún ìgbà díẹ̀ tó ń wò ó. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sísàlẹ̀ orúkọ ìlú, lẹ́tà kéékèèké tó dúró ṣánṣán: *Ti ẹ̀bá afárá onírin, lójú ọ̀nà ibi ìfọ́kúta.*

Ó lé ní wákàtí kan kó tó parí. Mo mọ̀, mo ń wo aago. Ọkọ̀ méjì péré ló kọjá. Bí wákàtí kan ṣe gùn tó nìyẹn, Búrọ́ọ̀ṣì! O dúró tó bẹ́ẹ̀ dè mí!

Àbíkẹ́yìn rẹ bi mí pé kí ni ìyẹn wà fún. Mo ní nítorí ẹni tó bá ṣàìsàn níbí, kí ẹni tó bá fẹ́ pe áńbúláǹsì lè mọ ohun tó máa sọ. Ó ní kí ni onítọ̀hún máa sọ. Ìyàwó rẹ yíjú sí mi.

Mo sọ ọ́. Mo pe orúkọ ìlú. Mo ní èyí tó wà lẹ́bàá afárá onírin ni o, lójú ọ̀nà ibi ìfọ́kúta, kì í ṣe èyí tó tóbi. Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní tí wọ́n bá padà pè, kí ó gbé e. Kí ó máà pa á títí wọn á fi dé.

Ọmọ náà ní, "Ó tán?" Mo ní ó tán. Ìṣẹ́jú kan ò kọjá lórí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ na ike omi rẹ̀ sí mi pé kí n mu. N kò bi í bóyá ó ti dárí jì mí. Mo mu ún. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Tíṣà ní ó ku ìlú kan. A ò tíì dá a lóhùn.

Búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀rẹ́ mi, mo jẹ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan yẹn. N kò lè san án. Ilé rẹ ti parí, o ò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ ń ga, o ò sí níbẹ̀. Ògiri àwọ̀ ewé yẹn ṣì ń dúró dè ọ́ kí o wá bínú sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń wọ ìlú wa, mo máa ń gbójú sókè wo pátákó rẹ, lẹ́tà rẹ tó tẹ̀ sí ọ̀tún, inú mi á bàjẹ́, màá sì kí i. A fẹ́ràn rẹ. Àárò rẹ ò dínkù. Kò dínkù rárá!

Abẹ ló kọ ọ́, lórúkọ ìyàwó rẹ, àwọn ọmọbìnrin rẹ méjèèjì, àti Tíṣà. Ìyàwó rẹ ti kà á. Kò yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò.